Gìtá Bàbá Ámpù Tó Ń Kùn

Ẹ má fi mí ṣẹ̀rín bí mo bá ní mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ̀yìn tì máa ń ní ewú lórí, èmi kò sì tíì ní. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ láì parí rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe títí àyà mi fi kọ èéfín lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ wáyà mọ́ wáyà: mo ń tún inú gìtá oníná ṣe. Màá ṣí i, màá tú wáyà inú rẹ̀, màá to òmíràn sí i, kí ohùn rẹ̀ lè dùn ju bó ṣe wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é lọ. Inú yàrá mi ní Aládé, níbí ní Ìdànrè, ni mo ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Òkúta ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé wa máa ń gba oòrùn sára láti àárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á wá dá gbogbo rẹ̀ padà sínú yàrá náà. Nísinsìnyí oko kòkó ìyá mi lọ́nà Ofosu ni mo wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá ẹ máa kọ́ irú iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ èyí fún, mo sì fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, àti owú inú rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gùn. Ìyá mi mú mi lọ bá Bàbá Ámpù, wọ́n bẹ̀ wọ́n, Bàbá gbà mí. Gbogbo ìlú ló ń pè wọ́n ní orúkọ yẹn, nítorí pé ámpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ti ìjọ wo ló bàjẹ́ tí kò gba ọwọ́ wọn kọjá? Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun tí èmi àti ìyá mi ń lọ. Nígbà èwe wọn, wọ́n ti bá ẹgbẹ́ olórin kan rìn káàkiri. Gìtá tí wọ́n lò nígbà náà, pupa bí epo, wà lórí ìṣó lókè tábìlì iṣẹ́ wọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá líle ni wọ́n. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n súnmọ́ gìtá kankan. Rédíò tó ti kú ni wọ́n ń kó fún mi, kí n máa tú ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n má sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹyọ kan. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó wáyà mọ́ wáyà, wọ́n á wọ awò ojú wọn, wọ́n á gbé iṣẹ́ mi lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀dì tó jó dáadáa máa ń dán bí ojú ẹja tútù. Èyí tí kò jó dáadáa máa ń ṣú bí eérú. Bí tèmi bá ti ṣú, wọ́n á gé e dànù, wọ́n á jù ú sí iwájú mi.

"Tún un ṣe."

Ó yẹ kí n bi wọ́n pé kí ni mo ṣe tí kò dáa. N kì í bi wọ́n. Lójú tèmi, ẹni tó ń béèrè ti jẹ́wọ́ pé òun kò mọ nǹkan. Màá tún un ṣe, á tún ṣú. Wọ́n á wá wò mí láti òkè awò ojú wọn.

"Akin, ṣé o bi mí?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Máa bá a lọ."

Bí mo ṣe ń jó o tí mo ń gé e nìyẹn, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Mo lè sọ ọ́ láìṣe fọ́nnu: nígbà tó yá, kò sí ẹni tó lè jó wáyà bíi tèmi ní gbogbo Aládé.

Dọ̀tun bá mi níbẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nu ẹnu irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ìjọ wa ni, ẹgbẹ́ mi sì ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Bàbá, kí ló dé tí èyí fi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta? Bàbá, bí mo bá yọ tibí ńkọ́? Bàbá, ta ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí ná?" Mo rò pé wọ́n máa lé e dànù ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n á fa àpótí, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ṣàlàyé fún un, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, n kò mọ̀ pé Bàbá Ámpù ní èjí títí Dọ̀tun fi dé.

Ó tún wá mọ gìtá ta. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀, ẹ má rò pé n kò gbìyànjú. Ìka mi le. Bí mo bá tẹ okùn, ohùn tó ń jáde dà bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ti Dọ̀tun, ìka rẹ̀ ń sáré lórí okùn bí aláǹgbá lórí òkúta gbígbóná. Gìtá ìjọ wa, èmi ni mo pààrọ̀ fọ́lúùmù rẹ̀ tó ń ta pàrà-pàrà. Èmi ni mo yọ kapásítọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń sẹ́ iná bí asẹ́, tí mo fi òmíràn sí i, tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, Dọ̀tun á ta á, àwọn ìyá ìjọ á sáré jáde wá fi áńkáṣíìfù nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Ta ló nu tèmi? Ẹ̀yìn ámpù ni mo máa ń wà, mo ń ṣọ́ ọ kó má gbóná jù.

Ọjọ́ kan, Bàbá Ámpù sọ gìtá pupa yẹn kalẹ̀ láti orí ìṣó. Àléébù kan ni gìtá náà ní: ó ń kùn. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ ámpù báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó ta á, ẹ ó ti máa gbọ́ "hùùùn", bí oyin tó wà nínú igi.

"Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n," ni wọ́n wí. "N kò lè ta á mọ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó bá lè tún kíkùn rẹ̀ ṣe, tirẹ̀ ni."

Dọ̀tun wò mí. "Akin, ìwọ tí o kò mọ gìtá ta, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ máa fi ká kòkó ni?"

"Màá fi na ẹ ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gìtá yẹn bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń fẹ́ oúnjẹ. N kò lè ta á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá di tèmi, Dọ̀tun á máa wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń nu òógùn rẹ̀, á rántí ẹni tó ni gìtá. Ohun tí mo ń lé nìyẹn.

Dọ̀tun ló kọ́kọ́ gbé e lọ ilé. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà, kò sì tíì yé kùn. Mo rí òun àti Bàbá ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n forí korí, Dọ̀tun ń béèrè, Bàbá ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan kékeré kan. Nígbà tí mo súnmọ́ wọn, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀. Inú mi dùn pé kò rí i ṣe. Inú mi tún bàjẹ́ pé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn lọ́kàn mi.

Ó wá kàn mí. Mo ti rí i lórí fóònù pé bí a bá fi bébà tó ń dán bí fàdákà tẹ́ ihò tí wáyà gìtá wà, kíkùn rẹ̀ á dín kù. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú èyí tí mo rí. Bébà inú páálí sìgá ló sì jọ ọ́. Ẹ má gbàgbé pé ilé aláṣọ funfun ni ilé wa, sìgá kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo wá ń yọ́ lọ sí ibùdókọ̀, mo ń ṣa páálí tí àwọn awakọ̀ jù sílẹ̀, mo ń tọ́jú bébà inú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti bá a.

"Akin! Akin oo! Ẹ̀mí wo ló wọ inú ẹ?"

"Màámi, ti gìtá ni."

"Gìtá ló ń mu sìgá?"

"Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi tẹ́, Màámi."

Wọ́n gbóòórùn ẹnu mi. Wọ́n gbóòórùn gìtá náà. Wọn kò gba àwa méjèèjì gbọ́, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí wa lára, mo sì ní láti sáré nu ti gìtá kó tó wọ inú rẹ̀.

Mo tẹ́ bébà náà, mo ká etí rẹ̀ mọ́ ara wọn kí wọ́n lè kan ara dáadáa, mo pààrọ̀ gbogbo wáyà tó ti gbó. Ó ṣì ń kùn. Nígbà tó yá ni mo rí ohun kan lábẹ́ irin tí ìdí okùn jókòó lé. Wáyà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wáyà yẹn. Òun ló máa ń so okùn gìtá pọ̀ mọ́ irin ara ámpù. Bí ọwọ́ olórin bá ti kan okùn, kíkùn á bá ibẹ̀ lọ, gìtá á dákẹ́ rọ́rọ́. Èyí tí mo rí yìí, wọ́n gé e, wọ́n sì fi tépù dúdú wé ẹnu rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọwọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ti kàn án. Mo tú tépù náà, mo jó wáyà padà, ó dán bí ojú ẹja.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Dọ̀tun wá kan fèrèsé mi. Mo yára fi aṣọ bo gìtá.

"Ibo lo bá a dé?"

"Kò kàn ọ́."

"Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan ni, mo sì fẹ́ sọ ohun tí Bàbá wí fún ẹ."

"Ohun tí Bàbá ẹ bá wí, fi í sí ikùn ara ẹ."

"Akin, orí ẹ le o." Ó yí padà, ó lọ. Mo rò pé ó fẹ́ yọjú wo ọgbọ́n mi ni. Nígbà tó lọ tán, mo so gìtá mọ́ ámpù kékeré mi. Mo wà lórí àga onígi, sálúbàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo fọwọ́ kan okùn. Kò sí "hùn" kankan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mọ́ mi ju orin èyíkéyìí lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo gbé e lọ sí ilé ìjọsìn. Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ń fọ ilẹ̀, omi wà káàkiri lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá Ámpù wà níta, wọ́n ń bá wòlíì sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n dúró dè wọ́n. N kò lè dúró. Mo so ó mọ́ ámpù ìjọ. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn obìnrin yẹn gbọ́ iṣẹ́ mi, Dọ̀tun nìkan ló sì wà níbẹ̀ tó lè ta á.

"Gbà, ta á," ni mo wí fún un, bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀.

Ó gbà á lórí pèpéle onípákó tí àwọn akọrin ń dúró lé. Ó fọwọ́ kan okùn, ó tẹ́tí. "Ó dákẹ́," ló wí, ojú rẹ̀ sì ní ìbéèrè nínú. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin ti ń pariwo pé kó ta á fún àwọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ohùn tó jáde lọ́jọ́ náà mọ́ bí omi abẹ́ àpáta. Àwọn obìnrin ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń ké "Dọ̀tun! Dọ̀tun!" Kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Bó ṣe máa ń ṣe, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ bá wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ìlànà àwa aláṣọ funfun: a kì í wọ bàtà wọ ilé Olúwa. Ẹsẹ̀ lásán ni Dọ̀tun fi tẹ ilẹ̀ tútù yẹn.

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ijó ló ń jó. Àwọn obìnrin náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì pòṣé. Mo pòṣé, nígbà tí iná ń gbé ọmọkùnrin yẹn. Ìgbà tó yí ojú sí mi ni mo rí i pé kò lè jáwọ́ lára okùn. Mo fa púlọ́ọ̀gì ámpù yọ, ó ṣubú lulẹ̀, gìtá ṣubú lé e lórí.

Kò kú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lórí ọ̀kadà, èmi ni mo dì í mú lẹ́yìn. Àmì okùn wà lára ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fà gbọọrọ bí ilà. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ní kó máa sinmi, Bàbá Ámpù pè mí sí ìta.

"Ta ló so wáyà yẹn?"

"Èmi ni, sà. Mo rí i pé wọ́n ti gé e."

"Èmi ni mo gé e." Ohùn wọn kò ga rárá. "Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìjọsìn wa kò ní wáyà ilẹ̀, èyí tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Bí iná bá jò sára irin ámpù, ọ̀dọ̀ ẹni tó di okùn mú ló ń gbà lọ, pàápàá tí kò bá sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gé e kí gìtá máa kùn, kí ọmọ ọlọ́mọ máa mí. Ta ló ń fi tépù wé ohun tó ṣèèṣì já? Ṣé o bi mí?"

"Rárá, sà."

"Dọ̀tun bi mí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi nu ojú. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò retí: "Ó yẹ kí n sọ ọ́ láì jẹ́ pé ẹnì kan bi mí. Dìde." Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún gbọ́ "ṣé o bi mí" lẹ́nu wọn mọ́.

Nígbà tí mo lọ wo Dọ̀tun nílé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Wá, oníṣẹ́ ibi." Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n yé sunkún, kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ bi mí lọ́jọ́ tó wá sí fèrèsé. Bàbá ti sọ fún un pé kapásítọ̀ kan wà, pẹlẹbẹ, búlúù, tó máa ń wà nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Bí a bá fi sí àárín wáyà yẹn, èyí tó pọ̀ nínú kíkùn á rí ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n iná tó ń gbéni kò ní lè kọjá tó ohun tó lè pa èèyàn.

"Mo ti wá a títí," ló wí, "n kò rí. Mo fẹ́ bi ẹ́ bóyá o ní in. Nígbà tí gìtá dákẹ́ ní ilé ìjọsìn, mo rò pé o ti fi sí i."

Mo ní in. Ó wà nínú agolo mílíìkì tí mo ń tọ́jú àwọn nǹkan tó dáa sí, kí Dọ̀tun má baà rí wọn lò.

Mo jó o sínú gìtá náà níwájú Bàbá. Wọ́n fi mítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ iná ri irin gígùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìjọsìn, kó sì so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀ wọ́n pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ dì í mú. Mo bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Mo dúró lórí sìmẹ́ńtì, omi wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo ta okùn. Ewúrẹ́ ké. Àwọn ìyá ìjọ fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò sí ohun tó gbé mi.

Ó ṣẹ́kù kíkùn díẹ̀. Bàbá Ámpù gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi lé Dọ̀tun lọ́wọ́. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀. N kò bi wọ́n, nítorí ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ láì béèrè. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Iṣẹ́ wá yí padà. Irin tí à ń fi èédú mú gbóná di èyí tó ń gbóná fúnra rẹ̀, èyí náà di irú èyí tó ń fi nọ́ńbà sọ bó ṣe gbóná tó. Àwọn ìjọ ra dùùrù oníná tí ohùn gìtá ti wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra gìtá tuntun láti Àkúrẹ́, bó bá bàjẹ́ wọ́n á ra òmíràn. Bàbá ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀, Dọ̀tun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn báyìí. Gìtá tó bá le fún un, á gbé e wá sí yàrá mi, títí nọ́ọ̀sì fi sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ràn ẹ̀dọ̀fóró mi, kí n jìnnà sí èéfín. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Bí ẹ bá máa kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá dúró síbẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀.

Ní ìkórè tó kọjá, mo wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Dọ̀tun gbé gìtá pupa kọ́rùn, ó ṣí fọ́lúùmù, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn. Kíkùn kékeré yẹn kún ilé. Ó dúró, kò tíì ta nǹkan kan. Ó pẹ́ tí mo ti rí i pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo dìde, mo lọ bá a níwájú, mo bi í sétí.

"Kí lo máa ń dúró dè kí o tó ta á?"

"Mo ń gbọ́ bóyá ó ń kùn," ló wí. "Ọjọ́ tí n kò bá gbọ́ ọ, màá mọ̀ pé o ti yọ́ wá so wáyà yẹn padà."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, àwọn ìyá ìjọ sì sáré kọjá lára mi pẹ̀lú áńkáṣíìfù wọn. Owú náà gbé orí, bó ṣe máa ń ṣe. Mo bojú wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán wà lórí sìmẹ́ńtì, kò sì gbọ̀n.